Kí N Lè Jọ Àjèjì, Mo Pe Àbúrò Bàbá Mi Ní Alágbàfọ̀

Ojú mi kò burú. Ẹ jẹ́ kí a yanjú ìyẹn ná, kí ẹ má baà ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ máa káàánú mi fún ohun tí kò yẹ. Ọkùnrin méjì ti sunkún nítorí ojú yìí rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà náà.

Ohun tó wà lójú mi ni ilà. Mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ó sì jinlẹ̀. Ìyá tó bí bàbá mi ló ní kí wọ́n kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ìyá mi lọ sí ìrìn àjò, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò bá a jà nílé. Ohunbe ni wọ́n bí mi sí, ní Nàìjíríà. Àwa Ohori, ẹ̀yà Yorùbá kan lẹ́bàá ààlà Benin, wà níhìn-ín, a sì wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó fa ààlà sáàárín wa kò bi wá léèrè.

Orúkọ mi ni Ọmọ́báyọ̀. Mo kàwé, mo gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo wá jókòó sílé. Nígbà tí ìjókòó sú mi, ẹnì kan ní, "Kọjá sí Benin. Wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ bí ẹni ń wá omi lẹ́ẹ̀rùn." Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, ó di Pobè, lọ́dọ̀ Tantí Berthe, àbúrò bàbá mi obìnrin.

Tantí ń ta kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù Nàìjíríà tí wọ́n ń rọ sínú ìgò lẹ́bàá títì. Ibùsùn kan ṣoṣo ló ní. Ó gbé e fún mi, ó tẹ́ ẹní fún ara rẹ̀. Ilà ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tèmi rárá. Bí àwa méjèèjì bá dúró pọ̀, ẹni tí kò mọ̀ wá rí á mọ̀ pé ilé kan náà la ti wá.

Mo gba ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan lọ ní Pobè. Dírẹ́kítọ̀ wọn bi mí ní ìbéèrè, mo dáhùn. Ó tún bi mí, mo tún dáhùn, títí tí òun fúnra rẹ̀ fi gbàgbé láti pa ẹnu dé. Ó wá mí kanlẹ̀.

"Madámù," ó ní, "Gẹ̀ẹ́sì yín dùn bí oyin."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá."

"Ojú yín ni ìṣòro."

"Kí ló ṣe ojú mi?"

"Ó jọ tiwa jù."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Ó ní àwọn òbí ń retí olùkọ́ àjèjì, àti pé bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ní ṣe ni òun lọ mú ará oko kan ní Issaba, òun wọ̀ ọ́ ní bàtà gogoro, òun ní kó máa sọ Gẹ̀ẹ́sì.

"Ṣùgbọ́n àjèjì ni mí! Ìwé ìrìnnà mi rèé!"

"Inú àpò ni ìwé ìrìnnà ń gbé, Madámù. Ojú ló wà níta."

Ẹ fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n gbà? Yòvó kan, ìyẹn òyìnbó, tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà Onigbolo, tó ń dúró de ẹ̀yà ara ọkọ̀. Kì í ṣe olùkọ́, ìlú tó ti wá pàápàá kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo yọjú lójú fèrèsé wọn lọ́jọ́ kan. Gbólóhùn tó kọ sójú pátákó kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ, síbẹ̀ àṣìṣe kún inú rẹ̀ bí eèrà. Àwọn òbí ń to sẹ́yìn ara wọn láti bá a ya fọ́tò. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, ó lọ láìdágbére, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ọba wàjà.

Mo délé, mo ro ẹjọ́ fún Tantí. Ó rẹ́rìn-ín títí epo fi fẹ́ dànù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, fi wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ tí ebi Gẹ̀ẹ́sì bá pa wọ́n, wọ́n á wá ẹ wá. Jókòó tì mí, ká jọ máa ta epo."

"Tantí, n kò kàwé kí n lè máa run epo."

Ó nu ìgò rẹ̀. Ẹ̀gún kékeré àkọ́kọ́ tí mo fi gún un nìyẹn, n kò sì mọ̀ pé mo gún nǹkan kan.

Kò pẹ́ ni mo lọ dirun ní Sakété, lọ́dọ̀ Arlette onídìrí. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí ń wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ojúlówó àjèjì ni wọ́n ń fẹ́. Mo ní kó má dà mí láàmú, ojú mi ti já mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Arlette di àgbọ̀n mi mú, ó yí mi sí ọ̀tún, ó yí mi sí òsì, bí ẹni ń yẹ iṣu wò.

"Ilà yìí?" ó ní. "A ó sin ín."

Ó sin ín lóòótọ́. Ó po ohun kan tó ki bí àmọ̀, ó fi dí ojú ilà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kun àtíkè aláwọ̀ ara lé e, ó dé mi ní wíìgì tó pọ́n bí ẹyìn, ó gbé awò ojú afẹ́ wọ̀ mí. Mo wo dígí. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ń wò mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kí i.

"Kí ni orúkọ ẹ?" Arlette bi mí.

"Grace."

"Níbo lo ti wá?"

Mo rò ó. "Gánà?"

"Àwọn ará Gánà pọ̀ níbí. Mú Liberia. Kò sí ẹni tó ti débẹ̀ rí ní Sakété."

"Bí mo bá ní Amẹ́ríkà ni mo ti dàgbà ńkọ́?"

"Fi kún un, kò wúwo."

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo lè sọ pé Èṣù ló tì mí. Irọ́ ni. Inú mi ló dùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rìn lójú títì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé tí mo ti wá, ó sì dùn mọ́ mi bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ bàtà tó há lẹ́sẹ̀.

Martial, dírẹ́kítọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Sakété, kò bi mí ní ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ omi tútù. Ó bi mí bóyá mo lè jẹ ata. Ó wá pe àwọn olùkọ́ yòókù pé kí wọ́n wá wo Mísì Grace, ó sì fún mi ní kíláàsì tó ní fáànù.

Bí mo ṣe di àjèjì nìyẹn. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé àjèjì kì í gbọ́ Yorùbá. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ń bú mi ní Ànàgó, Yorùbá ibẹ̀, níṣojú mi, tí mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Merveille ní imú mi lè gba àlejò méjì sùn. Ìyá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Gbogbo Amẹ́ríkà yẹn, kò rí ìbàdí kó fún un." Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo ní inú mi dùn láti rí i.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ ara mi, mo kọ́ wọn dáadáa. Àwọn ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ nìkan ni Mísì Grace kò ti jẹ́ ayédèrú.

Láràárọ̀ ni mo ń kúrò ní Pobè kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí Arlette lè rí ojú mi dí. Ní ìrọ̀lẹ́, màá wẹ̀ ẹ́ kúrò nílé. Tantí jókòó tì mí lọ́jọ́ kan bí omi àtíkè ṣe ń ṣàn lójú mi.

"Kí lo ń fi pamọ́?"

"Ilà ni, Tantí."

"Ilà ta ni?"

Mo fi ọṣẹ kún ojú kí n má baà dáhùn.

Ìgbà tó yá, ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Tantí ní kí n má lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo lọ. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, tí mo dúró lágbàlá pẹ̀lú Martial àti àwọn òbí méjì tí wọ́n fẹ́ fi ọmọ sílé-ẹ̀kọ́ wa nítorí mi, ọ̀kadà kan dúró lẹ́nu géètì. Tantí Berthe sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé oúnjẹ lọ́wọ́ kan, ó gbé àgbo ibà lọ́wọ́ kejì. Ó pa ìgò epo rẹ̀ tì lọ́jọ́ ọjà kó lè wá.

Ilà tí Arlette sin sójú mi láàárọ̀, òun náà ló ń rìn bọ̀ wá bá mi yìí ní gbangba.

"Ara ẹ ńkọ́?" ó ní. "Ṣé ó ti lọ sílẹ̀?"

Martial wò ó, ó wò mí. "Mísì Grace, ta nìyí?"

Ẹ wò ó, mo ní àkókò láti rò ó. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi. Mo wo àwọn òbí méjèèjì, mo wo ojú Tantí, mo sì fi Faransé dáhùn, nítorí mo fẹ́ kó má yé e:

"Alágbàfọ̀ mi ni."

Ó yé e. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń lọ sí Onigbolo ni oníbàárà rẹ̀. Ta ni yóò bá wọn ná epo bí kò bá gbọ́ Faransé? Ó dúró. Ó wò mí títí, bí ẹni tó ń wá ibi tí ilà náà wà lábẹ́ àtíkè. Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀. Àbúrò bàbá mi kúnlẹ̀ fún mi nínú iyẹ̀pẹ̀.

"Oui, Madámù," ó fi Faransé dáhùn. "Mo wá mú aṣọ ìdọ̀tí."

Ó gbé oúnjẹ àti àgbo náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó dìde, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ padà. Martial rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ará ibí fẹ́ràn àlejò ju bó ti yẹ lọ.

Mo jẹ oúnjẹ náà. Ó dùn. Mo ti sọ fún ara mi pé n kò ní fi ohunkóhun pamọ́ fún yín.

Nígbà tí mo délé, Tantí kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú àbọ̀, Madámù. Omi ìwẹ̀ yín ti gbóná." Gbogbo aṣọ mi, èyí tó dọ̀tí àtèyí tí kò dọ̀tí, ló ti fọ̀ tó sá sórí okùn. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni.

"Tantí, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ló fà á."

"Iṣẹ́ ni, Madámù. Èmi náà, iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe."

Kò bú mi. Ìbá ṣe pé ó bú mi! Tantí mọ èébú tó lè mú kí tírélà yà kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀kan. Ó ń pọn omi fún mi, ó ń dúró kí n jẹun tán kó tó jẹ. Bí mo bá ti bọ́ aṣọ, ó ti gbé e. Àwọn aládùúgbò ń yọjú wo obìnrin àgbàlagbà tó ń kúnlẹ̀ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n sì ń mi orí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin pàápàá. Ó ní, "Madámù, ẹ jẹ́ kí n gbálẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó dùbúlẹ̀."

Ẹ óò bi mí pé, kí ló dé tí n kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀? Ìbéèrè tó dára ni. Mo fẹ́ràn fáànù náà. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń pè mí ní Mísì Grace. Mo ní nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá parí, màá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìwà burúkú kì í ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ju ìyẹn lọ.

Ọdún ẹ̀kọ́ parí. Wọ́n na àgọ́ sí àgbàlá, wọ́n to àga. Martial gbé ìyá rẹ̀ wá láti Issaba. Ìgbà tí mo gbọ́ Issaba, mo mọ̀ pé ọmọ Ohori ni wọ́n bíi tèmi. Martial tó máa ń rọ́ Faransé lẹ́nu bí ará Paris, ọmọ Issaba ni! Wọn kò kọ ilà fún òun. Ìyá rẹ̀ nìkan ló kọ ọ́, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì.

Ojú ìyá náà ti ṣú. Kì í fi ojú kí ènìyàn mọ́, ọwọ́ ló fi ń kí i. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ń tẹrí ba níwájú rẹ̀, ìyá á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, á súre fún un. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn olùkọ́ eré ìdárayá, tó sanra dáadáa. Martial fà mí jáde. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

"Màmá," ó ní, "ẹ fọwọ́ kan Amẹ́ríkà."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo tẹrí ba. Ọwọ́ ìyá le, ọwọ́ tó ti pa ekùrọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìka rẹ̀ yọ̀ lójú mi, ó dúró, ó padà. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ bí iṣẹ́ Arlette ṣe fọ́ wẹ́wẹ́.

"Ọ̀kan," ìyá ní. "Èjì. Ẹ̀ta." Ó bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. "Martial, ọmọ ilé wa lèyí."

"Rárá o, Màmá. Ará Amẹ́ríkà ni."

"Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ń kọ ilà Ohori?"

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e dé ìdí géètì. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí kì mí, ó ń pe àwọn baba ńlá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá bàbá mi ṣe máa ń pè wọ́n láàárọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi bi orúnkún mi léèrè, nítorí òun ló mọ bó ṣe dé ilẹ̀. Mísì Grace ará Liberia kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, wíìgì wọ́, ó sì ń jẹ́ "Hẹ̀ẹ́, màmá."

"Ye! Mísì gbọ́ Yorùbá!" Merveille ló pariwo. Ó rántí ọ̀rọ̀ imú, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ariwo ta. Martial bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹ̀rọ náà, ó sọ sí mi létí pé, "Dìde. Sọ pé jàǹbá ọkọ̀ ló dá ọgbẹ́ sí ẹ lójú. Màmá ti darúgbó, màá ní orí rẹ̀ kò pé mọ́. Ọdún tó ń bọ̀, ìwọ ni olórí àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

Mo rò ó. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, mo rò ó dáadáa. Mo ti la ẹnu.

Ìyá ṣì di ojú mi mú. "Ọmọ mi, ta ló ni ẹ ní apá ibí? Ta ni kí n lọ kí?"

Ọwọ́ yẹn kò tíì kúrò lójú mi, n kò sì lè purọ́ sínú rẹ̀. "Berthe ni, Màmá. Berthe tó ń ta epo ní Pobè. Àbúrò bàbá mi ni."

"Alágbàfọ̀ yẹn ni àbúrò bàbá ẹ?" Martial ní. Ó ti gbàgbé, ó ti ká ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Kí n sọ òótọ́, àwọn ènìyàn yẹn ìbá dárí Amẹ́ríkà jì mí. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní ọmọ òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun kò bìkítà bí mo tilẹ̀ ti inú ihò jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ alágbàfọ̀ yẹn pa ẹ̀rín wọn. Ìyá Merveille dìde. "Ó pe àbúrò bàbá rẹ̀ ní alágbàfọ̀?"

Ìyá àgbà yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú mi. Ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì.

Martial lé mi lọ́jọ́ náà gan-an. "Kì í ṣe irọ́ ni mo torí rẹ̀ lé ẹ," ó ní. "Irọ́ náà dára. Lílẹ̀ ni o kò lẹ̀ ẹ́ dáadáa." Èmi àti ẹ̀yin mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, torí ọ̀kan lèmi náà.

Mo fọ ojú mi lẹ́nu ẹ̀rọ omi ilé-ẹ̀kọ́, mo gun ọ̀kadà dé Pobè. Tantí wà nídìí epo rẹ̀. Ó rí ojú mi tó ṣí sílẹ̀, ó rí wíìgì lọ́wọ́ mi. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, Madámù."

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú erùpẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sunkún títí àwọn awakọ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ wá wò wá. Ó gbọ́ mi dé òpin.

"Ẹ dìde, Madámù," ó ní. "Ẹ óò ba aṣọ yín jẹ́. Èmi ni màá fọ̀ ọ́."

Báyìí, àwọn awakọ̀ àti àwọn oníṣòwò ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́ ní Pobè, lábẹ́ igi, pẹ̀lú ojú tí bàbá mi mọ̀ mí mọ́. Wọn kì í béèrè ibi tí mo ti wá. Bí ẹ bá ní ilé-ẹ̀kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi etí gba olùkọ́, ẹ má fi ojú gbà á. Bí ẹ bá sì jẹ́ olùkọ́ tí wọ́n kọ̀ nítorí ojú, ẹ bínú sí wọn bó ṣe wù yín. Ẹ má bínú sí ojú náà, nítorí ẹlòmíràn ló ń gbé e pẹ̀lú yín.

Àwọn àgbà Ohunbe ti wá bẹ Tantí. Ó fún wọn lóúnjẹ, ó ní òun ti dárí jì mí, mo sì gbà pé òótọ́ ló sọ. Ó ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ti ń bú mi díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń fọ aṣọ mi. Mo fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, ó rí i. Mo gbé e lọ fọ̀ lódò, ó tún un fọ̀ nígbà tí mo gbé e dé. Kò sí aṣọ tó mọ́ tó tèmi ní gbogbo Pobè, n kò sì lè wò ó lórí okùn.

Bí ẹ bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ dúró ra epo lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín. Ẹ kàn bá mi bẹ̀ ẹ́ pé aṣọ náà ti mọ́, ó tó.